Kí Òtítọ́ Má Baà Kùtà

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn lóṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó. Lóru ọjọ́ kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri: ẹ dìde, ẹ po iyọ̀ sómi gbígbóná, ẹ fi wẹ̀, kí ẹ sì mu nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kí àrùn náà má baà mú yín. Ìyá pe ọmọ, ọmọ pe àna. Nígbà tí ìjọba fi máa pariwo pé irọ́ ni, àwọn kan ti mu tiwọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní, ó kéré tán, èèyàn méjì ni omi iyọ̀ náà pa ní Nàìjíríà.

Kí ló mú kí irọ́ yẹn tà? Iyọ̀ wà nílé tolówó tòtòṣì. Òtítọ́ ló wọ́n. Nígbà Kòrónà lọ́dún 2020, wọ́n ní ká jókòó sílé, ká sì máa fọwọ́ léraléra. Alábàárù ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn tó gbọ́dọ̀ ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì kó tó rówó oúnjẹ alẹ́, báwo ni yóò ṣe jókòó sílé? Ẹni tó ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ méruwà, ìkòkò ọbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bu omi sí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún un pé àrùn olówó ni Kòrónà, tàbí pé ògógóró ń pa á, kì í ṣe òmùgọ̀ bó bá gbà á gbọ́. Irọ́ nìkan lapá rẹ̀ ká.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, bàbálọ́jà àti Séríkí Haúsá, ẹ mú díẹ̀ nínú owó ọjà, ẹ gbé omi àti ọṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá àti ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Ẹ kéde ní Yorùbá, ẹ kéde ní Haúsá. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó sọ ọ́. Bí kò bá lórúkọ, ẹ pe 6232, nọ́ńbà àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn nílẹ̀ wa, ọ̀fẹ́ ni.

Iyọ̀ tí a kò wọ̀n ló ṣekú pani. Èyí tí a wọ̀n ń gbẹ̀mí là. Bí ìgbẹ́ gbuuru onígbáméjì bá dé, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kó má lé, sínú lítà omi mímọ́ kan. Kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Òtítọ́ tí apá mẹ̀kúnnù ká nìyí. Ẹ kọ́ aládùúgbò yín lónìí, kí onírọ́ tó tún pè é lóru.