Ẹ̀KỌ́: OHUN MẸ́RIN TÍ Ó Ń JẸ́ KÍ A GBỌ́ ÌRÓ

Ẹ̀yin ará, ohun mẹ́rin ni ó ní láti pé kí a tó lè gbọ́ ìró. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, mẹ́ta ìyókù kò ràn wá lọ́wọ́.

1. Ohun tí ń gbọ̀n. Bí a bá lu gángan, awọ rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ẹ fi ìka kàn án, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Bí awọ náà bá dúró jẹ́ẹ́, ìró tán.

2. Ohun tí yóò gbé e. Afẹ́fẹ́ ni ó sábà ń gbé ìró wá bá wa. Nínú ìwé tí Robert Boyle tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1660, ó sọ bí òun ti fi okùn so aago kékeré kọ́ sínú ìgò ńlá, tí a sì ń fa afẹ́fẹ́ inú ìgò náà jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni ìró aago ń rẹlẹ̀, títí wọn kò fi gbọ́ ọ mọ́.

3. Ìwọ̀n tí etí lè gbà. Etí ọ̀dọ́ tí ó dá pé a máa gbọ́ ohun tí ó ń gbọ̀n láti ìgbà 20 títí dé 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ajá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

4. Etí tí ó dá pé. Nínú etí wa lọ́hùn-ún ni irun tíntìntín wà, tí ń jẹ́ kí ìró dé ọpọlọ. Ariwo púpọ̀ àti ọjọ́ ogbó a máa pa wọ́n. Bí wọ́n bá kú, wọn kì í hù mọ́.

Ìró tín-ín-rín ni ó sábà kọ́kọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àgbà. Nítorí náà, bí bàbá kan bá wí pé, “Mo ń gbọ́ ohùn yín, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí ẹ ń wí,” kì í ṣe àgálámàṣà. Ó lè gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, kí ó má sì mọ “fà á” yàtọ̀ sí “sà á”. Ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ẹ kọjú sí i, kí ẹ rọra sọ̀rọ̀, kí ó lè máa wo ẹnu yín.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń jókòó ti ẹ̀rọ ìlọta tàbí ẹ̀rọ amúnáwá, bí ẹ bá ní láti kígbe kí ẹni tí ọwọ́ yín lè tó má baà ṣì yín gbọ́, ariwo náà ti pọ̀ jù. Ẹ sún jìnnà, tàbí kí ẹ fi ìdí etí dí i.

ÌBÉÈRÈ
(a) Kí ni ó pa ìró aago Boyle?
(b) Báwo ni ó ṣe yẹ kí a bá àgbà tí etí rẹ̀ wúwo sọ̀rọ̀?