Káàdì Kọ́ Ni Àjẹsára: Ẹ̀kọ́ fún Òṣìṣẹ́ àti Ará Ilé Rẹ̀

 

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwa apòògùn yí padà. Tẹ́lẹ̀, "Ṣé abẹ́rẹ́ Kòrónà dára?" ni wọ́n máa ń béèrè. Nígbà tó yá, "Báwo ni mo ṣe lè rí káàdì?" ló gba ẹnu wọn kan, yálà ní ilé oògùn ni o tàbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìbéèrè méjèèjì kò jọra. Ẹni tó béèrè ti àkọ́kọ́ ń wá ìlera. Ẹni tó béèrè èkejì ń wá bí yóò ṣe wọ ọ́fíìsì. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà. Kí oṣù Kẹta tó parí, ìjọba Èkó ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ipele 1 dé ipele 12 jókòó sílé. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà, ìsémọ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Àwọn mọ́sáláṣí náà wà ní títì. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ni Èkó tó gbà kí á ṣí wọn padà, pẹ̀lú àlàfo láàárín olùkírun kan sí èkejì. Nígbà tí àrùn náà tún gbérí ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìjọba àpapọ̀ dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ipele 12 wá sísàlẹ̀ padà sílé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí wọ́n tó ní kí wọ́n padà.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì yí padà lójú wa. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, tó níná, tó sì lówó dátà ń ṣe ìpàdé láti inú pálọ̀ rẹ̀. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì kò rí nǹkan kan ṣe ju kí ó máa retí owó oṣù lọ. Síbẹ̀, àǹfààní kan wà nínú rẹ̀. Ní àkókò tí kò tíì sí abẹ́rẹ́ kankan, jíjìnnà síra wa ni ààbò tí a ní.

Ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n pè wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni òfin kan bẹ̀rẹ̀ nígbà náà: òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó bá fẹ́ wọ ọ́fíìsì ní láti fi káàdì àjẹsára hàn, tàbí kí ó mú èsì àyẹ̀wò PCR wá tó fi hàn pé kò ní àrùn náà, tí kò sì tíì ju wákàtí 72 lọ. Nígbà náà, àyẹ̀wò ń gba owó, abẹ́rẹ́ sì jẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ lọ gba abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wá ọ̀nà kẹta. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò kọ orúkọ wọn sínú káàdì láì gún wọn lábẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà hàn débi pé ìjọba kìlọ̀ nípa àwọn tó ń ta káàdì nígbà náà.

Bí abẹ́rẹ́ náà ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa

Ẹni tó bá mọ bí abẹ́rẹ́ yìí ṣe ṣòro rí kò ní fi káàdì lásán pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni AstraZeneca àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá lábẹ́ ètò COVAX. Iye rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù 4, bẹ́ẹ̀ a ju mílíọ̀nù 200 lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọjọ́ 5 oṣù náà ni wọ́n gún ẹni àkọ́kọ́, dókítà kan ní National Hospital, Àbújá. Ọjọ́ 12 ni Èkó bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Yaba. Nítorí pé kò tó, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló kọ́kọ́ gbà á, kó tó kan àwọn àgbà. Nígbà tí àrùn náà gbóná janjan ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọn kò jẹ́ kí ó jáde lọ sí ilẹ̀ mìíràn mọ́, tiwa náà sì dúró. Oṣù Kẹjọ ni mílíọ̀nù 4 abẹ́rẹ́ Moderna dé láti Amẹ́ríkà. Johnson & Johnson tẹ̀lé e.

Nígbà náà, AstraZeneca kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, láti pápákọ̀ òfurufú títí dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Ìgò rẹ̀ kan jẹ́ ti èèyàn 10. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ṣí i, wákàtí 6 péré ló kù kí ó dẹni ìdànù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí ẹ dúró nígbà náà kí èèyàn pọ̀ díẹ̀. Wọn kò fẹ́ ṣí ti èèyàn 10 nítorí ẹnì kan ni. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ pe aládùúgbò dání.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ìjọba ba abẹ́rẹ́ AstraZeneca 1,066,214 jẹ́ ní Àbújá nítorí pé ọjọ́ lò rẹ̀ ti kọjá. Wọ́n ti dé sí ọwọ́ wa nígbà tí ọjọ́ tó kù fún wọn kò pọ̀. Ẹ ronú sí i: abẹ́rẹ́ ń kọjá ọjọ́, àwọn èèyàn sì ń sanwó fún káàdì.

Ohun tí káàdì kò lè ṣe

Abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń fi àmì ọ̀tá han àwọn ọmọ ogun tó wà nínú ara wa kí ọ̀tá fúnra rẹ̀ tó dé. Bí ó bá dé, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ yìí kì í wọ ara ní ọjọ́ kan. Ní ọdún 2021, AstraZeneca ń fẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 láàárín wọn. Moderna ń fẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì nígbà náà, ọ̀sẹ̀ 4 láàárín wọn. Johnson & Johnson jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nígbà náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tó ti gba ẹ̀ẹ̀mejì tó sì ti pé oṣù mẹ́fà ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó ń fún ìdáàbòbò náà lágbára sí i.

Mi ò sọ pé ẹni tó gbà á kò lè kó àrùn náà mọ́. Ó lè kó o, pàápàá Omicron. Ṣùgbọ́n ewu pé yóò dá a dùbúlẹ̀ tàbí pa á ti dín kù gidigidi.

Káàdì kò lè ṣe ọ̀kankan nínú èyí. Ó lè tan ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò lè tan kòkòrò. Ẹ wo ìrìn òṣìṣẹ́ kan lójúmọ́: ó wọ dáńfó tó kún, ó jókòó sínú yàrá ọ́fíìsì tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì padà sílé lọ kí ìyá rẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Kò sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyá. Òun gan-an sì ni àrùn yìí ń pa jù.

Àmánà ni

Ẹni tó ra káàdì ti jẹ́rìí èké, Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ka ìjẹ́rìí èké mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù. Ó ti sọ òṣìṣẹ́ ìlera di agbàbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó ti fọkàn àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ balẹ̀ lórí ohun tí kò sí. Bí àìsàn bá sì gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà yóò máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó ti gba àjẹsára.

Ẹni tó bá ti ṣe é, ilẹ̀kùn túúbá kò tíì tì. Kí ó tọrọ àforíjìn, kí ó lọ gba abẹ́rẹ́ gidi, kí ó sì sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì, kí wọ́n má baà ka ẹlẹ́ẹ̀kínní rẹ̀ sí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ẹ̀rù ṣì ń bà, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ó bi ẹni tó mọ̀.

Àwọn kan á ní, "Àyànmọ́ ni gbogbo rẹ̀." Ẹ rántí Sàyídínà Úmàrù. Ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó sì yí padà. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó ń sá fún àyànmọ́ Ọlọ́hun ni, ó dá wọn lóhùn pé inú àyànmọ́ Ọlọ́hun kan lòun ti ń sá lọ sínú òmíràn.

Ìbéèrè tí ẹ máa ń béèrè

*Ṣé ohun tó jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀?* Nínú àkójọ èròjà AstraZeneca, Moderna àti Johnson & Johnson, kò sí jẹ́látìnì ẹlẹ́dẹ̀.

*Ọtí ńkọ́?* AstraZeneca ní ẹ́tánọ́ọ̀lù mílígíráàmù 2. Kò tó ìkán omi kan, kò sì lè pa ẹnikẹ́ni.

*Ṣé ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́?* Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ gbà pé abẹ́rẹ́ inú ẹran ara tí kì í ṣe oúnjẹ kì í ba ààwẹ̀ jẹ́.  Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó gbà á ṣáájú tàbí kí ó bi Lèmọ́mù rẹ̀.

*Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà.* Irú yín ló nílò rẹ̀ jù. Ẹ lo oògùn yín, ẹ jẹun, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Aláboyún náà, kí ó sọ ipò rẹ̀ kí wọ́n tó gún un.

*Ibà mú mi lẹ́yìn rẹ̀.* Apá dídùn, orí fífọ́ àti ibà ọjọ́ kan tàbí méjì kì í ṣe tuntun; ara ń kẹ́kọ̀ọ́ ni. Paracetamol tó. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ojú bá wú, tí èémí ò já geere, tàbí àyà ń dunni gan-an, ilé ìwòsàn ni kíá.

Ẹ má sì gbàgbé pé abẹ́rẹ́ kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀sìn wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn Àlàájì àti Àlàájà wa ti ń gba ti àrùn yírunyírun kí wọ́n tó lọ sí Mẹ́kà. Ní Hájì ọdún 2021, ẹgbẹ̀rún 60 èèyàn tó ń gbé ní Sáúdí, tí wọ́n ti gba àjẹsára Kòrónà, nìkan ni wọ́n gbà láyè.

Ohun tí a ó ṣe

1. Ẹ ṣí fèrèsé ọ́fíìsì, kódà bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́.
2. Yàrá tí ẹ ti ń kírun Àílà níbi iṣẹ́ kì í sábà fẹ̀. Ẹ pín ara yín sí ìpín méjì, kí oníkálukú mú ẹní rẹ̀ dání, ẹ sì lo ìbomú.
3. Ẹni tó bá ń wúkọ́ tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, kí ó dúró sílé. Ẹ̀yin ọ̀gá, iṣẹ́ tó ṣeé ṣe láti ilé nígbà ìsémọ́lé ṣì ṣeé ṣe.
4. Ẹ ka ará ilé yín. Ìyá aláta, télọ̀ àti awakọ̀ kò ní ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó máa béèrè káàdì lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ọgọ́rùn-ún èèyàn ni wọ́n ń bá pàdé lóòjọ́. Ẹ mú wọn lọ sí ibùdó ìlera tó súnmọ́ yín. Kí àwọn Àsàlátù náà yan ọjọ́ kan kí wọ́n jọ lọ. 

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí òde wa àti ilé wa jẹ́ bákan náà, kí Ó mú àjàkálẹ̀ yìí kúrò lórí ilẹ̀, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí ìlera àwọn òbí wa. Àmín.