Orí Kẹjọ: Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àbójútó Ilé Ńlá

Bí ẹ bá wọ ilé ìfowópamọ́ ńlá kan ní Marina l'Ékòó, tàbí ọ́fíìsì ìjọba ní Ìkẹjà, ẹ óò rí i pé iná ń tàn, omi ń yọ, ilẹ̀ mọ́, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í sábà ronú nípa nǹkan wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé láàárọ̀, ẹnì kan ti wo iye dísù tó wà nínú táńkì jẹnẹrétọ̀. Ó ti yẹ ẹ̀rọ tó ń fa omi wò. Ó ti rí i pé páálí kankan kò dí ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò gbà sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Iṣẹ́ àbójútó ilé nìyẹn. Iṣẹ́ tí à ń kọ́ ni, ó sì ní ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀. Nínú orí yìí, a óò kà nípa ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, àti bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ṣe lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kí ni olùbójútó ilé ń ṣe?

Apá méjì ni iṣẹ́ náà ní. Apá kìíní ni ìtọ́jú ilé fúnra rẹ̀: òrùlé, ògiri, wáyà iná, páìpù omi, lífítì, ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀. Apá kejì ni ìtọ́jú àwọn tó ń lo ilé náà: ìmọ́tótó, ààbò, ibi ìgbọ́kọ̀sí, kíkó ìdọ̀tí, àti ibi tí oníkálukú yóò jókòó sí ṣiṣẹ́.

Olùbójútó kì í dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ń bá oníṣẹ́ iná, púlọ́ńbà, àwọn agbálẹ̀ àti gáàdì ṣiṣẹ́. Kò pọn dandan kó mọ iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú, ẹni tó yẹ kó pè, àti bí yóò ṣe mọ̀ bóyá wọ́n ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí

Àwọn kan rò pé ẹnikẹ́ni tó bá lè mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ lè bójú tó ilé. Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan mẹ́ta tó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ọ̀pọ̀ wa mọ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1965, àjà 26 ló ní. Ní oṣù kìíní ọdún 1985, iná jó o. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe tán tí wọ́n sì ṣí i padà. Iná tó jó fún ìgbà díẹ̀ gba nǹkan bí ọdún méje lọ́wọ́ ilé náà àti lọ́wọ́ àwọn tí ì bá máa jẹun níbẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lífítì kan já ní Erékùṣù Èkó, nínú ilé tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ń gbé. Dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan tó wà nínú rẹ̀ kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ó pẹ́ tí àwọn ti ń ráhùn lórí lífítì náà. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bí lífítì bá ṣe ségesège lẹ́ẹ̀kan péré, a kì í dúró de ẹ̀ẹ̀kejì. Pípa ni à ń pa á. A ó lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́, a ó sì pe oníṣẹ́ lífítì tó ní ìwé-ẹ̀rí. Ó sàn kí gbogbo ilé fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn fún oṣù kan ju kí ẹyọ ẹ̀mí kan bọ́ lọ.

Ewu mìíràn wà tí ojú kò lè rí. Ní ọdún 1976, àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ṣe ìpàdé ńlá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìpàdé náà, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kọlu ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì pa ju 20 lọ. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ rí i pé kòkòrò kan tó ń gbé inú omi ló fà á. Wọ́n gbà pé ẹ̀rọ tó ń mú hòtẹ́ẹ̀lì náà tutù ló fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́. Inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì dúró lójú kan, ni kòkòrò yìí ti ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí olùbójútó ilé fi ń fọ táńkì, tó ń dé e, tó sì ń ṣí ẹ̀rọ omi inú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò lò, kí omi inú páìpù lè ṣàn jáde.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni

*Àyẹ̀wò kí nǹkan tó bàjẹ́.* Iṣẹ́ yìí dà bí oko ríro. Àgbẹ̀ kì í dúró kí koríko bo iṣu mọ́lẹ̀ kó tó gbé ọkọ́. Bákan náà, olùbójútó ilé ní ohun tó ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lóṣooṣù àti lọ́dọọdún. Ní ti jẹnẹrétọ̀, aago kan wà lára rẹ̀ tó ń ka wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ oní-dísù ló ń fẹ́ kí a pààrọ̀ ọ́ìlì wọn ní bí i wákàtí 250 síra. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ mọ́ ẹ̀rọ náà ni yóò sọ iye tirẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò ka ìwé náà kò ní mọ̀, àfìgbà tí ẹ̀rọ bá kú.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ìlà kékeré lára ògiri, omi tó ń kán ní àjà, wáyà tó ń gbóná: ẹnu tí ògiri là nìyẹn. Ìgbà tó ṣì kéré ni owó díẹ̀ ń tó o.

*Ààbò.* Kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kan wáyà, ó gbọ́dọ̀ pa síwíìṣì àgbà, kó fi àgádágodo tì í, kó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà sí àpò ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ohun èlò dán wáyà náà wò, kó lè dá a lójú pé kò sí iná níbẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn kò lè ṣèèṣì tan iná lé e lórí.

Wọ́n tún ń kọ́ni pé iná kò jọra. A kì í da omi sí iná tó ń jó lára wáyà tàbí ẹ̀rọ tí iná ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí omi lè gbé iná mànàmáná bá ẹni tó ń dà á. Àgbá ìpaná oníyẹ̀fun tàbí èyí tó ní afẹ́fẹ́ CO2 nínú ni à ń lò. Bí àgbá náà bá ní géèjì, ẹ máa wò ó lóṣooṣù: abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí àwọ̀ ewé. Bí iná bá ju agbára yín lọ, ẹ kó ènìyàn jáde, kí ẹ sì pe àwọn panápaná. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112 tàbí 767.

*Owó.* Ilé ń jẹ owó lójoojúmọ́, pàápàá owó dísù. Olùbójútó ilé ń ṣírò iye dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu ní wákàtí kan. Bí iye náà bá ṣàdédé lọ sókè, yálà ẹ̀rọ ń ṣàìsàn ni, tàbí ẹnì kan ń fa dísù lọ. Ó tún ń ka àdéhùn tó wà láàárín ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn agbaṣẹ́ṣe, kó tó buwọ́ lù ú pé kí wọ́n san owó wọn.

*Ènìyàn.* Ẹni tó wá sọ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń jò kì í ṣe ọ̀tá. Ó bá olùbójútó ṣe apá kan iṣẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n ń kọ́ni láti gbọ́ ọ dáadáa, láti dá ìgbà tí a óò tún un ṣe fún un, àti láti padà lọ sọ fún un nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Bírò ṣáájú sípánà

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fi ń ya olùbójútó sọ́tọ̀ jù lọ ni ìwé kíkọ. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀, ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ní alẹ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ka àpẹẹrẹ yìí:

Ọjọ́ 12, oṣù kẹta. Aago 7:10 àárọ̀.
Jẹnẹrétọ̀ kejì. Wákàtí iṣẹ́: 1,236. Dísù: ìdajì táńkì.
Ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo ti pa á.
Mo sọ fún máníjà ní aago 7:20.

Ìlà mẹ́rin péré ni. Ṣùgbọ́n ó sọ ọjọ́, ẹ̀rọ, àṣìṣe, ohun tí a ṣe sí i, àti ẹni tó gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́ lọ́la, ìwé yìí ni yóò jẹ́rìí ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ti ní ohun èlò àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Ibi tí a ti ń gba ìwé-ẹ̀rí

Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń ṣe ìdánwò fún oníṣẹ́ iná, púlọ́ńbà àti kápẹ́ńtà. Ìpele 3 ni ìbẹ̀rẹ̀, ìpele 1 ló ga jù. NABTEB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, náà ń ṣe ìdánwò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ di máníjà lè tẹ̀ síwájú. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì Èkó àti YABATECH ń kọ́ni ní ìmọ̀ àbójútó ilé àti ilẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùbójútó ilé kárí ayé, IFMA, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1980, ní ẹ̀ka ní Nàìjíríà. Ìwé-ẹ̀rí wọn tó ń jẹ́ FMP ní ẹ̀kọ́ mẹ́rin: mímú ilé ṣiṣẹ́ àti títún un ṣe, dídarí iṣẹ́ àkànṣe, ètò owó, àti ìdarí ènìyàn. Ìwé-ẹ̀rí wọn mìíràn, CFM, wà fún àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ máa fi hàn ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta pé òun ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2018, àjọ ISO gbé ìlànà kan jáde fún iṣẹ́ yìí ní gbogbo àgbáyé, nọ́ńbà rẹ̀ ni 41001.

Agbálẹ̀ tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ lè di alábòójútó àwọn agbálẹ̀. Oníṣẹ́ iná tó ń ka ìwé ẹ̀rọ lè di olórí àwọn oníṣẹ́. Ìpele ni ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ kan ló sì ń ṣáájú èkejì.

Ìbéèrè

1. Kí ni apá méjì tí iṣẹ́ àbójútó ilé ní?
2. Kí ló yẹ kí olùbójútó ṣe bí lífítì bá ṣe ségesège?
3. Kí ló dé tí a kì í fi da omi sí iná tó ń jó lára wáyà?
4. Ẹ wo àpẹẹrẹ tó wà nínú orí yìí. Bí a bá gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá pé wákàtí 1,250, wákàtí mélòó ló kù?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ rìn yí ilé tí ẹ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ tàbí ibi iṣẹ́ yín ká. Ẹ wá nǹkan mẹ́ta tó nílò àtúnṣe. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tó wà, àti ohun tí ẹ rí. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ fún kíláàsì, lẹ́yìn náà kí ẹ fún ẹni tó ni ilé náà ní ẹ̀dà rẹ̀ kan.