Ọjọ́ Orí Kọ́ Ló Fa Gbogbo Rẹ̀

Ìbéèrè: Dókítà, télọ̀ ni mí ní Mushin, mo máa pé 60 ọdún lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ aládùúgbò ló ń bá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́ báyìí. Orúnkún ń ro mí, àwọn ọmọ mi sì ní kí n kó ṣọ́ọ̀bù kúrò. Tí mo bá ro ọdún tó kù, àyà mi á já.

Èsì: Ẹ̀rín pa mí díẹ̀, Mà. Kò sí ìsọmọlórúkọ tí a kì í ti gbàdúrà pé kí ọmọ gbó, kó tọ́. Àdúrà wá fẹ́ gbà tán, ẹkún lẹ fẹ́ sun!

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ojú. Láti nǹkan bí 40 ọdún ni ohun tó dà bíi dígí nínú ẹyinjú ti ń le, tí ojú kì í fi í ríran nítòsí dáadáa mọ́. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ jẹun ló sì ń tètè mọ̀ ọ́n lára. Awò ni yóò yanjú ẹ̀. Àmọ́ ẹ má kàn ra èyí tí wọ́n ń kiri ní Ojúẹlẹ́gbà o. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà ò kúkú jìnnà sí yín, kí wọ́n wọn ìfúnpá inú ẹyinjú yín. Torí glaucoma ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, olè sì ni àrùn ojú yẹn: kì í sábà dunni, ohun tó bá sì ti jí lójú ẹni kì í dá a padà. Cataract, tó ń mú kí dígí inú ẹyinjú ṣú, ní tiẹ̀ ní iṣẹ́ abẹ tó ń wò ó. Mo ti rí ẹni tó ń sọ pé “ọjọ́ orí ni” títí ojú fi lọ.

Ti orúnkún, ìjókòó ni mo fura sí. Ẹ máa dìde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá wú, ẹ lọ rí dókítà.

Àyà tó ń já yẹn gan-an ló ká mi lára. Lọ́dún 2002, Becca Levy ti Yunifásítì Yale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí èèyàn 660 ní Ohio, Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti pé 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó fi ojú rere wo ogbó fi bí ọdún méje ààbọ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tí kò fi ojú rere wò ó lọ.

Bí Ohio bá jìnnà, ẹ rántí Fatai Rolling Dollar, olórin. Ebenezer Obey ti bá a ṣeré rí kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, a ò gbúròó bàbá mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti lé ní 70 ọdún kí orin rẹ̀ “Wọ́n Kéré Sí Nọ́ńbà Wa” tó gba ìgboro kan, kò sì fi gìtá sílẹ̀ títí tó fi sún mọ́ ikú rẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 2013. Kò díbọ́n bí ọ̀dọ́ o. Bàbá arúgbó tó mọ gìtá ta ni wọ́n wá wò.

Ẹ má kó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ dín wákàtí kù, ẹ gbé iná tó mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ máa gé aṣọ, kí ọmọ iṣẹ́ máa rán an. Ọmọ aládùúgbò tó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé ẹ ti bi í bóyá ó fẹ́ kọ́ṣẹ́?