Bí Ẹ̀rù Kámẹ́rà Bá Ń Bà Yín

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kópa nínú ìdíje ìbéèrè orí tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé màá gbàgbé gbogbo ohun tí mo mọ̀.

Ìdáhùn: Ìkánjú ló sábà máa ń fa ìgbàgbé yẹn. Ẹ wo Who Wants to Be a Millionaire, tí Frank Edoho bẹ̀rẹ̀ sí í darí ní Nàìjíríà lọ́dún 2004: ìbéèrè 15, ìdáhùn mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè kẹ́ ẹ tó mú ọ̀kan. Bí ìbéèrè kan bá ta kókó, ẹ lè ní káwọn òǹwòran tàbí ọ̀rẹ́ kan ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ orin tàbí oúnjẹ ni kẹ́ ẹ bi àwọn òǹwòran; wọn kì í sábà ṣìnà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ bá pè lórí fóònù ńkọ́? Ìṣẹ́jú àáyá 30 péré lẹ ní. Kẹ́ ẹ ti sọ fún un ṣáájú pé kò ní sí “ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́”. Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ kà fún un lójú ẹsẹ̀.