Ọ̀NÀ ÈÉFÍN: ÌGBÀ WO NI KÍ A MÁA GBÁ A?

Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: ààrò – èéfín – àjà – òrùlé – ihò – ọ̀pá èéfín – ọyẹ́

Ní Idigny, ní ilẹ̀ Kétu, ní Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, igi ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń dáná. Igi ni a fi ń se oúnjẹ. Igi ni a fi ń yan gaàrí. Igi ni a fi ń se epo.

Igi wúlò, ṣùgbọ́n èéfín ń tẹ̀lé e. Èéfín kì í lọ láì fi nǹkan sílẹ̀. Ó ń fi dúdú sílẹ̀ lára ògiri, lára àjà àti nínú ọ̀pá èéfín. Dúdú yìí lè gbiná. Àwọn àgbà ní: «A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.» Ilé ìdáná tí dúdú èéfín bá kún àjà rẹ̀, òun gan-an ni ó fi iná sórí òrùlé.

1. Ibo ni dúdú náà ti ń wá?

Igi gbígbẹ ń jó dáadáa, èéfín rẹ̀ kì í pọ̀. Igi tútù kò rí bẹ́ẹ̀. Omi inú rẹ̀ ni iná kọ́kọ́ ń gbẹ. Iná náà kì í gbóná tó, kì í sì í jó èéfín tán. Èéfín á gòkè, á kan ọ̀pá tí ó tutù, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn á tún lẹ̀ mọ́ ti àná. Díẹ̀díẹ̀ ni ihò ń kéré sí i.

Bí ihò bá kéré, nǹkan méjì lè ṣẹlẹ̀. Èkíní, èéfín á padà sínú ilé. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín. Ojú kò rí i, imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó lè pa ènìyàn lójú oorun. Èkejì, dúdú inú ọ̀pá lè gbiná, kí iná náà sì ran òrùlé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé fa ikú nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní gbogbo ayé. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 nínú wọn lé ní 237,000. Ọmọ tí a pọ̀n nídìí ààrò, èéfín tí ìyá ń mí ni òun náà ń mí.

2. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí a gbá a?

Ààrò tí ó ní ọ̀pá èéfín. Ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn àwọn tí ń dènà iná ni pé kí a yẹ ọ̀nà èéfín wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ìgbà òtútù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá irú iná bẹ́ẹ̀. Iná tiwa ń jó ní ojoojúmọ́, láti ọdún dé ọdún. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò tó fún wa.

– Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: ẹ wo ẹnu ọ̀pá. Ṣé èéfín ń jáde lókè dáadáa?
– Lóṣooṣù: ẹ gbá inú ọ̀pá. Nígbà òjò tí igi kì í gbẹ, ẹ gbá a lẹ́ẹ̀mejì lóṣù.
– Lọ́dọọdún: bí òjò bá ń parí lọ, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Nígbà ọyẹ́, koríko òrùlé gbẹ, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Ẹ̀ta iná kékeré kan tó láti jó agbo ilé.

Bí dúdú inú ọ̀pá bá nípọn tó mìlímítà 3, bí ẹyọ owó méjì tí a tò léra, ẹ má dúró de ìparí oṣù. Ẹ gbá a lọ́jọ́ náà.

Ààrò tí kò ní ọ̀pá. Àjà ni kí a máa wò níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń so àgbàdo irúgbìn sí òkè ààrò, kí èéfín lè lé kòkòrò. Àṣà yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ má so ó sílẹ̀ jù, kí ọwọ́ iná má baà kàn án. Nígbà tí a bá kó àgbàdo sílẹ̀ láti gbìn, àjà á ṣófo. Ìgbà náà gan-an ni kí a gbá a mọ́, kí a tó so tuntun. Láàárín ọdún, bí dúdú bá ń já sínú ìkòkò ọbẹ̀, àkókò gbígbá ti tó.

Ààrò gaàrí. Iná rẹ̀ pọ̀, ó sì ń pẹ́. Ẹ kó eérú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó bá ti tutù.

3. Báwo ni a ṣe ń gbá a?

1) Ẹ pa iná. Ẹ jẹ́ kí ààrò tutù di ọjọ́ kejì.
2) Ẹ bo ìkòkò omi. Lórí ilẹ̀ Kétu, omi ṣọ̀wọ́n; kò yẹ kí a bà á jẹ́. Ẹ mú àwọn ọmọdé jáde.
3) Ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu.
4) Ẹ di okùn mọ́ ìdì aṣọ líle tàbí ìgbálẹ̀ kúkúrú. Ẹ tì í bọ inú ọ̀pá láti òkè, kí ẹ sì máa fà á lọ fà á bọ̀. Kí ẹnì kan di àkàbà mú fún ẹni tí ó gòkè.
5) Ẹ kó ohun tí ó jábọ́. Ẹ bù ú sínú garawa onírin, kì í ṣe apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin iná lè fara pa mọ́ sínú eérú títí di ọjọ́ kejì.
6) Ẹ wò ó bóyá ọ̀pá ti là tàbí ó ti dípẹtà. Ẹ wo ibi tí ó ti gba òrùlé kọjá: kò gbọdọ̀ kan koríko tàbí igi.
7) Ẹ fi koríko díẹ̀ dáná. Èéfín gbọ́dọ̀ jáde lókè, kò gbọdọ̀ padà sínú ilé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ wẹ ara, kí ẹ sì fọ aṣọ iṣẹ́. Ní ọdún 1775, Percivall Pott, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé pé dúdú èéfín ń fa àrùn jẹjẹrẹ sí ara àwọn tí ń gbá ọ̀nà èéfín. Láti kékeré ni wọ́n ti ń wọ inú rẹ̀.

4. Bí ọ̀pá bá gbiná ńkọ́?

A lè gbọ́ ìró bí ìgbà tí ìjì ń jà nínú ọ̀pá. Ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde. Ẹ dí ẹnu ààrò kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Ẹ da yanrìn sí iná ìsàlẹ̀. Ẹ má da omi sínú ọ̀pá gbígbóná, nítorí ó lè là. Omi tí ẹ bá ní, òrùlé ni kí ẹ fi rẹ. Ẹ ké sí àwọn aládùúgbò. Ẹ má tún dáná níbẹ̀ títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó fà á tí igi tútù fi ń mú èéfín púpọ̀ wá?
2. Kí ni ó burú nínú kí ihò ọ̀pá èéfín kéré?
3. Kí ni ìdí tí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò fi tó fún wa?
4. Ìgbà wo ni ó dára jù láti gbá àjà tí a ń so àgbàdo sí?
5. Kí ni ìdí tí a kì í fi í kó eérú sínú apẹ̀rẹ̀?

Iṣẹ́ ilé: Ẹ lọ wo àjà tàbí ọ̀pá èéfín ilé yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí ní ìlà mẹ́ta. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbá a sára ògiri ilé ìdáná, kí gbogbo ilé lè mọ ọjọ́ tí a ó tún gbá a.