Ẹ̀rọ Tó Ń Kẹ́kọ̀ọ́: Ọ̀nà Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí wà fún ẹni tó fẹ́ wọ inú ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní machine learning.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé kéwú. Ọmọ kan lè ka gbogbo ohun tó wà lára wàláà rẹ̀ láìṣìnà, ṣùgbọ́n tí a bá ṣí ojú ìwé mìíràn fún un, ẹnu rẹ̀ á wọlé. Ó há a sórí ni, kò mọ̀ ọ́n kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yìí. Àpẹẹrẹ púpọ̀ ni a ń fi hàn án kó lè fa òfin yọ. Nítorí náà, ohun tí kò rí rí ni a fi ń dán an wò.

Ohun mẹ́ta ni kí akẹ́kọ̀ọ́ múra sí:

Èkínní, ìṣirò. Ara orúkọ ìwé al-Khwarizmi, onímọ̀ tó gbé ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ni ọ̀rọ̀ náà algebra ti wá. Ẹni tó bá sá fún algebra, calculus àti statistics kò ní mọ ìdí tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ṣàṣìṣe.

Èkejì, èdè kọ̀ǹpútà. Python ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀; ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀kẹta, àyẹ̀wò àpẹẹrẹ. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Joy Buolamwini, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Gánà, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà nígbà tó ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ tó ń wá ojú ènìyàn kò rí ojú òun, àfi ìgbà tó fi ojú àtọwọ́dá funfun bojú. Ní 2018, òun àti Timnit Gebru fi àwòrán 1,270 dán ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wò, bóyá wọ́n lè mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Nínú obìnrin aláwọ̀ dúdú 100, ọ̀kan nínú ẹ̀rọ náà ṣi nǹkan bí 35 mọ̀. Ní ti ọkùnrin aláwọ̀ funfun, kò sí èyí tó ṣi tó ẹyọ kan mọ̀ nínú 100.

Ẹ kíyè sí i: tí a bá fi gbogbo àṣìṣe pọ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ náà á jọ èyí tó dára. Ìgbà tí wọ́n yẹ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ ni àṣírí tú. Bí àwa kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń ṣa àpẹẹrẹ, ta ni yóò rántí ojú wa àti èdè wa?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ ya àwòrán ewé ẹ̀gẹ́ 100, kí 50 jẹ́ èyí tó dá ṣáṣá, kí 50 jẹ́ èyí tí àrùn ń ṣe. Ẹ yọ mẹ́wàá mẹ́wàá sọ́tọ̀ nínú méjèèjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ rí ogún yìí títí di ọjọ́ ìdánwò.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí a fi ń fi wọ́n pamọ́?